Ampilifáyà méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàfò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú ń bí mi débi pé mi ò tíì jẹun.

Èmi ni mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ampilifáyà mi, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, kéré, tòkunbọ̀ ni, wáàtì márùn-ún, onígílóòbù bíi rédíò àtijọ́. Bàbá Ìjọ wá fi tuntun kan ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ láti òkè òkun. Wáàtì márùn-ún náà ni, onígílóòbù náà ni, àmọ́ wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Owó rẹ̀ á ra irú tèmi mọ́kànlá. Mo ti ṣírò ẹ̀.

Lónìí, mo ní kí àwọn àgbà kọ̀yìn sí mi, kí wọ́n fi etí yan èyí tí a máa lò. Wọ́n gbà. Orin kan náà ni mo fi gìtá kọ lórí méjèèjì.

"Ti àkọ́kọ́!" Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Bàbá Ìjọ tún fi kún un pé, "Ẹ ò rí i? Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ṣe yàtọ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, tèmi ni ti àkọ́kọ́."

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ lanu: "Èyí tó dà bí páálí bàtà yìí? Ṣé ohun tí a máa gbé síwájú àlejò nìyẹn?"

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí rèé: lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ti Bàbá Ìjọ ló máa wà níwájú, orúkọ wọn á wà lára rẹ̀, iná rẹ̀ á máa tàn. Tèmi ni yóò máa dún lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún ohùn dídùn.

Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ fún yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa ta gìtá yẹn lọ́jọ́ Sọ́ńdè?