Ewé Ológbò ní Ayọ̀bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi irúgbìn ewé ológbò ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Ó ní bí ológbò bá gbóòórùn rẹ̀, yóò máa yí gbiri bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo gbìn ín sínú kẹ́ẹ̀gì tí mo là sí méjì, lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa ní Ayọ̀bọ̀. Ó hù, ó gbilẹ̀. Ológbò mi, agbéraga tí kì í wojú ẹni àfi tí ẹja bá wà lọ́wọ́ ẹni, wá ń fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀, ó ń nasẹ̀ sókè.

Ìgbà náà ni ìyá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò fẹ́ràn ológbò rárá. Lójú tiwọn, ẹran tó ń rìn láìdún ní ohun tó ń fi pa mọ́. Wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan: kí n gbé e fún ẹlòmíì, tàbí kí àwọn padà sílé. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ológbò yẹn, mi ò sì lè lé ìyá mi.

Ẹ̀fọn Ayọ̀bọ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá mi rí ewé mi, wọ́n ní efinrin ni. Wọ́n já ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbo ó, wọ́n fi pa ẹsẹ̀ dé orúnkún láti lé ẹ̀fọn. Wọ́n ní efinrin Èkó ò tilẹ̀ ta sánsán, ṣùgbọ́n kò burú.

Ilá ni mò ń rẹ́ nínú ilé. Nígbà tí mo jáde, ológbò mi ti nà gbalaja níwájú ìyá mi, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Ológbò àdúgbò méjì ti fo fẹ́ǹsì wọlé, àwọn náà ti nà. Ìyá mi ò mira. Mo ní ó ti parí fún mi.

"Ó ń kí mi," ni wọ́n rọra wí. "Ìwọ tí mo bí, o ò dọ̀bálẹ̀ pẹ́ tó báyìí rí."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Mo padà sídìí ilá mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ewé para, wọ́n sì ń fún ológbò náà ní orí ẹja tèmi. Wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù wọn, ológbò mi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá mi ti papòdà, kò sẹ́ni tó ń kí àwọn láàárọ̀ mọ́.

Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wá.

"Màámi, efinrin yín rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ."