Ìrìn Caroline Lọ Wo Ilé Àwọn Aṣòfin

Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni Caroline Ọdẹ́wálé kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú Òrò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dọọdún ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀kan rí. Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ bi í léèrè rí bóyá wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aṣòfin sínú.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ fojú ara òun rí i, ti Ìlọrin àti ti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wá. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Ayọ̀bámi, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ èrò. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ Jerúsálẹ́mù, ilé olóṣèlú lo fẹ́ lọ wò.”

Ṣùgbọ́n ó tún mọ́tò wọn ṣe.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìlọrin, wọ́n lọ sí Òṣogbo, wọ́n sùn ní Àkúrẹ́. Níbòmíì àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ́ kí wọ́n wọlé, níbòmíì ẹnu géètì ni Caroline dúró sí tó ń wo òrùlé. Adó-Èkìtì ni wọ́n parí sí. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kan mú un wọ gbọ̀ngàn ìjókòó àwọn aṣòfin. Ó dúró sẹ́yìn àwọn àga, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà lọ sílé.

“Ọ̀nà Ọ̀tùn ni,” Bàbá Ayọ̀bámi dáhùn. “A ó já sí Ọ̀mù-Àrán.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí gba Òṣogbo. Àwọn ará ọ̀nà Ọ̀tùn ò lọ oko mọ́.”

“Mo ti ń gba ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó bí ẹ.”

Nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀tùn, ọ̀nà dá páropáro. Iṣu wà lórí àtẹ lẹ́bàá títì, kò sẹ́ni tó ń tà á. Ọjọ́ ìwé ni, síbẹ̀ wọ́n ti gbogbo fèrèsé ilé ìwé kan tí wọ́n kọjá. Wọn ò pàdé ọ̀kadà kankan. Caroline pa rédíò.

“Kí ló dé?”

“Mo fẹ́ máa gbọ́ ohun tó ń dún níta.”

Ní kọ́nà kan, wọ́n bá bọ́ọ̀sì èrò tó dábùú títì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Gàrí ti dà sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan sì wà lójú títì.

“Ẹ jẹ́ ká padà, Bàbá Ayọ̀bámi.”

“Tí èèyàn bá ṣì wà nínú ẹ̀ ńkọ́?”

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan ti rá jáde láti inú gọ́tà. Ẹ̀jẹ̀ wà lápá rẹ̀. Bàbá Ayọ̀bámi na ọwọ́ sí fèrè ọkọ̀.

“Ẹ má fọn fèrè,” obìnrin náà sọ jẹ́ẹ́. “Wọn ò tíì jìnnà.”

Caroline sọ̀ kalẹ̀, ó fà á wọlé. Ọkọ rẹ̀ rọra fi ẹ̀yìn wa mọ́tò padà, kò gbójú kúrò lára igbó. Lápá òsì wọn, àwọn ewé kan ń mì, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn. Wọ́n sáré dé Ọ̀tùn, wọ́n lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá.

Fulera ni obìnrin náà ń jẹ́, ará Àjàṣẹ́-Ìpo ni, ata gbígbẹ ló ń tà. Ó ní awakọ̀ wọn ló pariwo pé kí wọ́n sá, òun sì bẹ́ sí gọ́tà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá àti ọdẹ ìlú fi máa débẹ̀, bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n bá; àwọn ajínigbé ti kó àwọn èrò yòókù wọgbó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní méjì-mẹ́ta. Awakọ̀ ò sí nínú wọn. Àwọn tó dé ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa awakọ̀ náà.

Nígbà tí apá Fulera san, òun àti Caroline lọ kí ìyàwó awakọ̀ náà ní Òwu-Ìsin. Obìnrin náà gbé omi fún wọn, ó béèrè àlàáfíà ilé, àmọ́ kò lè jókòó pẹ́. Bí mọ́tò bá ti dún lójú ọ̀nà, á dìde, á lọ yọjú. Caroline fẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà fún un, àmọ́ ife omi ló gbé sẹ́nu.

Òòrùn ṣì wà lókè nígbà tí obìnrin náà dìde, tó kí wọn pé ó dàbọ̀.

“Ẹ tètè máa lọ, mà. Ọ̀nà ò ní pẹ́ dá.”