Ejò Tí Alhaji Múrítàlá Gbà Ní Ènì

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Alhaji Múrítàlá láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Brampton ní Kánádà, ọ̀rọ̀ tábìlì ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Òyìnbó kan tó ń kó kúrò nílé ló fẹ́ ta tábìlì ìjẹun rẹ̀. Alhaji ná an títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ìgbà tí wọ́n fẹnu kò tán, tí Hàbíbàt ìyàwó rẹ̀ ti gbá ẹsẹ̀ tábìlì kan mú, Alhaji tún fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"My friend, ènì mi ńkọ́?"

"Your what?"

"Extra. For my place, you no fit sell big thing like this make you no put small one join am."

Òyìnbó wo yàrá tó ti ṣófo yíká. Ó wọ inú lọ, ó gbé àpótí gíláàsì kan jáde, aṣọ bò ó. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lóró, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ibi tí òun ń kó lọ ni wọn kò ti gbà á láyè. Hàbíbàt ká aṣọ kúrò. Ejò pupa rúsúrúsú kan ń wò ó, kò sì ṣẹ́jú.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

"Wọn kì í dá ènì padà, Hàbíbàt. Ìwà àìmoore ni."

Bí ó ṣe di alágbàtọ́ ejò nìyẹn, ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní Ìwó, igi tí yóò fi pa á ló máa ń wá bó bá fojú kan ejò. Ó sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Nígbà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní wíáhaùsì, orí fóònù ló ti ń kọ́ ìtọ́jú rẹ̀: kí ìhà kan àpótí móoru, kí ìhà kejì tutù, kí omi má wọ́n ọn, kí ènìyàn má sì gbé e nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ó ra ìdè fún ìdérí àpótí, nítorí ejò kì í wá ọ̀nà tì.

Hàbíbàt kò bá wọn dá sí i. Bílẹ̀ bá ti ṣú, kì í pe orúkọ ejò rárá, "okùn ilẹ̀" ló ń pè é, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, nítorí ẹni tó bá pè é lálẹ́, yóò gbọ́, yóò sì wá. Nígbà òtútù, òkùnkùn ti máa ń bo gbogbo àdúgbò kí àwọn èèyàn tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Aago márùn-ún náà lo ń pè ní òru?" Alhaji yóò bi í.

"Ilẹ̀ tó ṣú ni mo mọ̀. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn mọ́ okùn ilẹ̀ yín."

Eku dídì ni Jẹ́jẹ́ ń jẹ, inú ike ice cream sì ni Alhaji ń kó wọn sí nínú fìríìsà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wà nínú ike ice cream ní ilé Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, Alhaji Abdulhakeem ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ìlú Ajax wá, ebi ń pa á, Hàbíbàt wà lẹ́nu shift. Alhaji Múrítàlá ń kírun lọ́wọ́. Abdulhakeem tẹ ẹ̀bà, ó gbé ike sínú omi gbígbóná, ó jókòó dúró de ọbẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, ìrù ló kọ́kọ́ jáde.

Alhaji sálámà, ó yọjú. "Abdulhakeem, o mà ṣeun o. Mo ti fẹ́ bá Jẹ́jẹ́ yọ́ ọ tẹ́lẹ̀."

Láti ìgbà náà, Abdulhakeem ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ bọ̀ láti Ajax.

Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan dé, Jẹ́jẹ́ kọ oúnjẹ. Ojú rẹ̀ funfun bí ojú afọ́jú. Alhaji kéde ní mọ́ṣáláṣí pé ejò òun ń gbààwẹ̀. Ìmáàmù ní ààwẹ̀ kò pọn dandan fún ẹranko.

"Ẹ jẹ́ kó gba láàdá tirẹ̀ o, Ìmáàmù."

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, Hàbíbàt wọ yàrá yẹn láti mú ìgbálẹ̀, ó sì bá ejò méjì. Ọ̀kan pupa. Èkejì funfun, ó mọ́ gaara, inú rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ ó ní ojú, ojú náà sì kọjú sí i. Ariwo tó pa dé ilé kejì.

"Awọ ló bọ́," ni Alhaji wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Aṣọ ọdún ló wọ̀."

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni Alhaji ṣubú, tó kú lẹ́nu iṣẹ́, láìṣàìsàn. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe fìdáù, olúkúlùkù lọ ilé rẹ̀. Ó wá ku Hàbíbàt àti ohun tó wà nínú yàrá.

Jẹ́jẹ́ kò jẹun mọ́. Hafeez ọmọ wọn ń ti Markham wá, ó ń na eku sí i, ejò ń yí orí kúrò. Ohun tó ń dẹ́rù ba Hàbíbàt jù ni pé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Alhaji máa ń dé, ejò náà yóò gbé orí sókè, yóò fi imú ti gíláàsì, yóò máa wo ilẹ̀kùn. Abdulhakeem rí i, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Hafeez, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ojú Alhaji kọ́ nìyẹn?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi!"

Ṣùgbọ́n òun náà ti rò ó. Nígbà tí Hafeez ní àwọn tó ń gba irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

"Bí kò bá wá jẹun níbẹ̀ ńkọ́?"

"Then it might die, Mummy."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Kò sí ohun ẹlẹ́mìí mìíràn nínú ilé náà tó mọ ọwọ́ Alhaji àfi òun àti ejò yìí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ṣe bísímílàáhì, ó wọlé. Jẹ́jẹ́ ká jọ sí kọ̀rọ̀, kò mira. Hàbíbàt fi ọwọ́ kan gíláàsì. Ó tutù bíi fèrèsé. Ó tọ wáyà ẹ̀rọ tó ń mú àpótí móoru títí dé ara ògiri: wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Òun fúnra rẹ̀ ló sì yọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ti lọ káàkiri ilé, ó ń yọ gbogbo ohun tí Alhaji fi sínú iná, nítorí kò lè rí wọn kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé olúwa wọn ṣì ń bọ̀. Àṣé ooru ẹran ẹlẹ́ran ló pa.

"Jẹ́jẹ́, má bínú," ló sọ. "Èmi ni. N kò mọ̀."

Ó fi í padà sínú iná. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ejò ti wọ́ lọ sí ìhà tó móoru. Hàbíbàt yọ́ eku, ó fi ẹ̀mú gígùn mú un, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan fa ẹ̀mú náà lójijì, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhaji! Ó ti jẹun o!"

Ó ti pariwo tán kó tó rántí. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó sunkún ọkọ rẹ̀ bí kò ṣe lè sun ún lójú àwọn èrò. Ó nu ojú, ó pe Hafeez pé kí àwọn ènìyàn Sátidé náà má wulẹ̀ wá mọ́.

"But Mummy, you're scared of it."

"Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí dáadáa. Wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ omi rẹ̀."

Ó fa àga sún mọ́ àpótí, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń gbé oúnjẹ rẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀.