Sílíńdà Tí A Kò Fún Lómi

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ òórùn gáàsì ìdáná, òórùn kan tó dà bí ti ẹyin tó ti bàjẹ́ sábẹ́ adìẹ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè, òórùn náà tún fẹ́ wá sí imú mi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ti gba ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Sílíńdà gáàsì tó ti dípẹtà ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, wọ́n ń tú ẹnu wọn kí wọ́n lè gé wọn sí wẹ́wẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀, mo lọ bi èyí tó dà bí ọ̀gá wọn léèrè bóyá wọ́n ti rọ omi sí wọn nínú.

"Omi kẹ̀, Mọ́mì?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má mikàn rárá. Ó ti kú tipẹ́. Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ mí mọ́."

Nígbà tí mo taku, tí mo ní n ó pe ará àdúgbò lé wọn lórí, wọ́n kó wọn kọjá sí òdìkejì òpópónà, síwájú ilé ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí gbà nìyẹn. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, n kò sì lè ṣà á tán, nítorí pé bí ẹnì kan ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ní Agége nígbà ọmọdé mi nìyẹn: ó ti kú. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa Mọ́díná ọ̀rẹ́ mi.

Ilé tí a ń gbé ní Agége nígbà náà kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá kọjú sí yàrá ni. Bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo abọ́ ìyá mi a máa jó lórí tábìlì, ìyá mi a sì na ọwọ́ sí wọn bí ẹni ń pẹ̀tù sí ọmọ tó ń jà. Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Iwájú ilé, lábẹ́ igi fúrútù ńlá kan, ni ìsọ̀ Bàbá Mọ́díná wà. Jórinjórin ni, ará Ìṣẹ́yìn, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sáré sí ohunkóhun àfi ìrun. Mọ́dínátù ọmọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́díná, àti èmi la jọ wà ní kíláàsì kan náà.

Ní àkókò yẹn, a kì í dédé sọ irin nù. Bí sílíńdà bá gbó, ìgbésí ayé mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ fún un. Wọ́n á gé ìdí rẹ̀, yóò di agogo tí wọ́n ń lù ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á là á sí méjì, ewúrẹ́ á máa mu omi nínú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n sọ ọ́ di ààrò fún àwọn tó ń dáná fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí irin rẹ̀ nípọn, iná kì í tètè jẹ ẹ́ bíi ti àgbá. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá Mọ́díná ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi iná kan sílíńdà kankan láì tíì "wẹ̀ ẹ́". Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Yóò tú orí rẹ̀, yóò da ohun tó kù nínú rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí iná, yóò sì rọ omi kún un títí dé ẹnu. Ó di ọjọ́ kejì kó tó gé e, tòun ti omi náà nínú.

Àwa ọmọdé la máa ń pọn omi náà láti inú kànga ọgbà. A ó tò bí èèrà, garawa lórí, a ó máa kọrin lọ, a ó máa kọrin bọ̀. Bí a bá ṣe tán, gúgúrú àti ẹ̀pà ni ẹ̀bùn wa. Iṣẹ́ Mọ́díná yàtọ̀ sí tiwa. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń mú, tí ó ń fi kan ara sílíńdà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, orí rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìró ibi tí omi dé yàtọ̀ sí ti ibi tó ṣófo. "Ó ku díẹ̀," yóò wí, tàbí, "Bàbá, ó ti yó." Kì í ṣì í. Etí ọmọ náà mú débi pé bí ó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan lórí rédíò, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan nínú ilé máa ń sọ pé èèwọ̀ ìdílé Bàbá Mọ́díná ni ọ̀rọ̀ omi yìí. Ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn ṣe. Kì í ṣe èèwọ̀. Gáàsì máa ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ sílíńdà bí ọtí ti ń ṣe nísàlẹ̀ agbè. Bí irin bá gbóná, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà á tún di gáàsì, á dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, iná á sì mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ló ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Ṣùgbọ́n inú èmi àti Mọ́díná dùn, nítorí a ti yege ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin, a ó sì wọlé lẹ́yìn ọdún Kérésì. Nínú ìdílé tiwọn, kò sí ẹni tó tíì dé irú ibẹ̀ rí. Wọ́n ti rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n fi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri. Bí ó bá jí, òun ló kọ́kọ́ ń wò. Bí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ dà, á ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ aṣọ yẹn ná." Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ.

Lánlọ́ọ̀dù wa, tí a ń pè ní Bàbá Onílé, ń kọ́ yàrá tuntun sẹ́yìn ilé láti fi háyà. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń mọ látàárọ̀ dalẹ́. Nítorí pé omi kànga ń lọ sílẹ̀, ó fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀, kó má bàa tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kántíìnì, rí àyè láti máa se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Bàbá Onílé ra sílíńdà àlòkù mẹ́ta, ó ní kí Bàbá Mọ́díná sọ wọ́n di ààrò kíákíá. Bàbá Mọ́díná ní òun yóò ṣe é, kí wọ́n ṣáà ṣí kànga fún òun.

"Omi?" ni Bàbá Onílé wí. "Iná lo fi ń ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ fi omi ṣe?"

"Bàbá, ẹ dákun. Òkú tí a kò wẹ̀, a kì í sin ín."

"Ó dáa, lọ pe Ààfáà kó wá kírun sí i lára!"

Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Kántíìnì fi tirẹ̀ kún un láti ojú fèrèsé: "Bàbá Mọ́díná, ẹ bá wa ṣe é kíá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ò ní fi ebi dúró dè yín!"

Ayálégbé ni Bàbá Mọ́díná. Ọwọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí ni yàrá rẹ̀ àti ìsọ̀ rẹ̀ wà. Mọ́díná ló wá sọ pé kí á lọ pọn omi níbi ẹ̀rọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè.

"Ó jìnnà," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹsẹ̀ ta ni, Bàbá? Ṣebí ẹsẹ̀ tiwa ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tí a ń bọ̀, lójú oòrùn ọyẹ́. Mọ́díná a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí omi bá ń dà sí mi lára: "Ọmọ akọ̀wé, ọrùn ẹ ò le! Kálámù nìkan lẹ mọ̀ ọ́n rù nílé yín." Omi náà tó fún sílíńdà àkọ́kọ́ àti èkejì, Bàbá Mọ́díná sì gé wọn lọ́jọ́ kejì láì sí wàhálà. Ó ku ẹ̀kẹta. Sùúrù Bàbá Onílé ti tán. Ó jáde wá, ó ṣá ìṣáná, ó sì nà án sí ẹnu sílíńdà náà. Gbogbo ènìyàn sá sẹ́yìn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìṣáná náà jó títí, ó kú.

"Ṣé ẹ rí i?" ó wí. "Ó ti kú."

"Kò kú, Bàbá," ni Bàbá Mọ́díná dáhùn. "Ó sùn ni. Ẹ fún mi di ọ̀la."

Ó ní kí èmi àti Mọ́díná lọ pọn omi sí i, ó bo irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba mọ́sáláṣí lọ láti kírun Alásárì. Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà ni Bàbá Onílé ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin kan ní òdìkejì ojú irin. Ẹni yẹn kò béèrè omi. Ó gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwa ń bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ. Òṣùká mi ti tú, mo dúró láti tún un ká, Mọ́díná sì gba iwájú lọ. Ìgbà tó yọ sí iwájú ilé ló rí iná aláwọ̀ búlúù lára sílíńdà náà. Ó mọ ohun tó rí. Dípò kó sá sẹ́yìn, iwájú ló sá sí, tòun ti garawa lórí, ó ń kígbe pé, "Ẹ dúró o! Omi ń bọ̀! Omi ń bọ̀!"

Ohun tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

N kò ní ṣàpèjúwe ìró náà. Igi fúrútù náà gbọn ewé sílẹ̀ bí ẹni pé ìjì jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin jórinjórin yẹn kò rí ọjọ́ kejì. Bàbá Onílé, tó wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dìde, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Kò fi ibì kankan ṣèṣe. Mọ́díná wà nílẹ̀ nínú omi tó pọn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀ méjèèjì. Bàbá rẹ̀ sáré dé láti mọ́sáláṣí láì wọ bàtà.

Ọgbẹ́ ara rẹ̀ san. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí i ní ọsibítù, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bínú. "Èé ṣe tí gbogbo yín fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?" ó bi wá. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú wa.

Àwọn ènìyàn wá kí wọn nílé. Gbogbo wọn ló ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Bàbá Onílé gbé iṣu wá, ó ní, "Ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ò lọ. Etí ni, kì í ṣe ojú." Ìyá mi, tí kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, dìde lórí ẹní. "Bàbá," ó wí, "Ọlọ́run kọ́ ló ti kànga." Oṣù náà kò tíì tán tí Bàbá Onílé fi ní kí ìdílé wa wá ilé mìíràn.

Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, Mọ́díná wọ aṣọ orí ìṣó náà. Bàbá rẹ̀ mú un wá. Mo ti wà lórí ìlà láàrin àwọn ọmọ tuntun, mo rí wọn níwájú ọ́fíìsì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú; ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kò sí olùkọ́ tó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ adití. Mọ́díná ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu bàbá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun mọ̀wà hù. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ títí bàbá rẹ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sì yí i padà sí ọ̀nà géètì. Mo kúrò lórí ìlà, mo fi gbogbo agbára mi kígbe, "Mọ́díná!" Gbogbo ẹni tó wà ní ọgbà náà ló bojú wo ọ̀dọ̀ mi, àfi òun.

Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Ìṣẹ́yìn, lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó kọ́ aṣọ híhun. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo wá a títí, n kò rí i.

Ayé ti yí padà. Ìdáná gáàsì, tó jẹ́ ti olówó nígbà náà, ti wọ ilé gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà ìgbà yẹn ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìtajà. Ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ adití ti wà báyìí, inú mi sì ń dùn, inú mi sì ń bàjẹ́, bí mo bá ń kọjá níwájú ọ̀kan. Ohun tí kò yí padà ni ìkánjú ẹni tó níṣẹ́, àti bí a ti ń yára di ẹ̀bi ru Ọlọ́run kí a má bàa wo ojú ara wa.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbi ìtàn yìí. Bí sílíńdà yín bá gbó, ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ gé e lójú títì. Ẹ dá a padà fún àwọn tó ń ta gáàsì, kí wọ́n mọ bí wọ́n yóò ti mú un kúrò nílẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò, ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá ní ó ti kú. Bí oníṣẹ́ bá ní kí ẹ fún òun di ọ̀la kí iṣẹ́ náà má bàa pa ènìyàn, ẹ fún un. Ọmọ ẹnì kan lè máa bọ̀ lọ́nà.