Ìkíni Tóyìn

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí ìyàwó tí àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ń pe ọmọbìnrin mi kékeré ní "ọkọ mi," tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, tó ń sá yí garawa po. Ọwọ́ mi dúró nínú omi ìfọṣọ. Ọkàn mi ti lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ́, sí agboolé wa létí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja yíyan kì í ti í kúrò lára aṣọ ilé-ìwé wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀: ìyàwó ilé kì í porúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ọkùnrin o, obìnrin o, ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, orúkọ tó bá sì wù ú ló máa sọ wọ́n.

Tóyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ọ̀rẹ́ mi. Obìnrin ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ó ní òun kì í ṣe obìnrin, kò sì sọ pé ọkùnrin ni òun. "Èmi ṣá ni," á wí, á sì máa bá eré ẹ̀ lọ. Lẹ́nu wa, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, "ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ó ti jẹun, ó ti lọ wẹ̀, ó tán.

Lọ́jọ́ kan ló sọ fún Ìyàwó Kékeré, ẹni tó kẹ́yìn dé nínú àwọn ìyàwó ilé, pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lọ́kọ mọ́. Ẹ má sì pè mí ní àǹtí."

Ìyẹn wò ó títí. "Eyín ẹnu ẹ yìí funfun ju owó ẹyọ lọ. Eyínfúnjowó ńkọ́?"

Ayọ̀ tí mo rí lójú Tóyìn lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí irú ẹ̀.

Ìkíni ló bà á jẹ́. Nígbà Iléyá, bàbá àgbà ẹbí wa ti Ẹ̀pẹ́ dé. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Tóyìn bọ́ sáàárín, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kejì sẹ́yìn, ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló ṣe é. Ó ti ń dán an wò lẹ́yìn ilé.

"Ọ̀pọ̀lọ́!" lẹ́nìkan pariwo. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. "Ta ló lọmọ yìí? Ẹ ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ojú ti ìyá Tóyìn. Ìyàwó Kékeré fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́. Ọdún ò tíì parí tí wọ́n fi kó ẹrù Tóyìn lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n lè kọ́ ọ bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún rí i, lọ́jà Ẹ̀jìnrìn. Ó kúnlẹ̀ fún màmá mi, orúnkún méjèèjì. Màmá mi yìn ín. Kò wo ojú mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti kúrò l'Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà.

Àwọn ìyàwó ṣì ń sọ ọmọ lórúkọ, ìyẹn ò tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa: wọ́n á dúró gbọnrangandan, wọ́n á juwọ́ sí bàbá àgbà tiwọn, "Gúdú mọ́níìn, sà!" Inú bàbá á dùn, wọ́n á tún fún wọn ní bisikíìtì. Tóyìn fọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀ kí àgbà, wọ́n lé e nílé.