Ẹni Tó Ń Gé Táyà Bàbá Awọnlẹ̀

Ògiri kan ló la ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi àti ibi tí Ìyá Táyà ti ń lẹ táyà láàárín. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn onímọ́tò fa ọ̀rọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá rí ohun tí ojú obìnrin yẹn ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ní ọkọ̀, ẹ̀yin náà á máa pariwo.

Ọkọ rẹ̀ ló ni iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ẹbí ní kó ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà, kó wá iṣẹ́ obìnrin ṣe. Ó ní àwọn ọmọ òun kì í bèèrè bóyá iṣẹ́ ọkùnrin ló ra oúnjẹ tàbí iṣẹ́ obìnrin, wọ́n kàn ń jẹ ẹ́ ni. Láti ìgbà náà ló ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kan tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú.

Ó ní àṣà kan. Kó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ kankan, á kọ́kọ́ na ọwọ́ sẹ́yìn táyà iwájú títí dé ìgúnpá, á máa fi ìka wá sípíríìn, irin wíwé tó gbé ọkọ̀ ró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí irin yìí bá dógùn-ún pẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kán, ṣóńṣó ibi tó kán á wá máa wá táyà kiri. Ẹ̀gbẹ́ inú ló ti máa ń gé e bí ọkọ̀ bá ń rìn, afẹ́fẹ́ á wá jò tán kílẹ̀ tó mọ́; ẹ̀gbẹ́ táyà kò sì ṣeé lẹ̀, àfi kéèyàn ra òmíràn. Ìdí nìyí tí Ìyá Táyà fi máa ń tẹ awo irin kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí á dè é mọ́ abẹ́ sípíríìn, kí irin tó bá kán má baà lè dé ara táyà. Mélòó ló ń gbà á nínú wọn? Wọ́n á ní ohun tí kò tíì bàjẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀.

Bàbá Awọnlẹ̀ ló wá fẹ́ sọ ọ́ di wèrè. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi wọn ilẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n bí dáadáa tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀, ló gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọmọ náà fi ìbínú sọ pé bí bàbá ò bá jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà, òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, táyà iwájú lápá òsì ti rọ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá Táyà tú u wò, ibi tó gé náà mọ́ bí ẹni fi abẹ ṣe é. Ó sọ fún bàbá lójú mi pé sípíríìn ni, kó jẹ́ kí òun fi ọwọ́ kàn án fún un. Bàbá ní òun ti ń wa ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i, kó fi táyà sí i kí òun máa lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìgbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta gé, ó kó ẹrù ọmọ rẹ̀ síta. Ìyàwó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n lọ há ara wọn mọ́ inú yàrá kan nílé àwọn òbí ìyàwó.

Bàbá wá gẹrun lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ náà. Ó ní ikú ilé ló ń pani, pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo bi í pé ọ̀tá wo ló máa ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, tí á fi táyà mẹ́ta sílẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan náà ni á máa gé, ní ẹ̀gbẹ́ inú tójú ò tó. Ó ní ọmọ òun gbọ́n. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gé etí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọmọ ti kó lọ, táyà tún gé. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán, Ọlọ́run ti dá ọmọ láre. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele: bàbá ní ọmọ náà ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ géètì pa mọ́. Ó pààrọ̀ àgádágodo.

Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó fi táyà àfikún rọra wa ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ Ìyá Táyà láàárọ̀, ó kó èyí tó gé sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Táyà wo ojú ibi tó gé, ó gbé táyà sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

"Bàbá, mi ò ní ta táyà fún yín mọ́. Àfi tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ ara yín wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn."

Bàbá bi í bóyá ó mọ iye ọdún òun. Ó ní òun kọ́ ni fọ́kánísà kan ṣoṣo tó wà láyé. Ìyá Táyà ní kó máa lọ bá àwọn yòókù, wọ́n á bá a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo bọ́ síta, mo bẹ̀ ẹ́ pé a kì í rán àgbà sábẹ́ ọkọ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà, ẹ dákẹ́. Ẹ ti ń gẹ orí yìí ó pẹ́, kí lẹ rí bá a ṣe sí inú rẹ̀?"

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ síta, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì dúró. Bàbá náà dúró. Ó pẹ́ kí orúnkún àgbà tó gbà, ó kúnlẹ̀, ó fi èjìká lélẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn táyà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ọwọ́ yọ, ó wo ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìdógùn-ún irin. Ó tún na ọwọ́ padà, ó rọra ń fi ìka wọn ibẹ̀ bí ẹni ń wọn ilẹ̀.

"Kò tó ìka méjì sí táyà," ló sọ.

Ó bèèrè bóyá ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá Táyà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun ti sọ fún un. Kò pariwo mọ́, àánú bàbá ti ń ṣe é. Bàbá jókòó sórí páálí, ó ní kó dákun bá òun pe ọmọ òun, nítorí kì í gbé ipè òun láti ọjọ́ tó ti lọ.

Ìyá Táyà pè é, ó tan ohùn fóònù sókè kí bàbá lè gbọ́. Ọmọ náà gbé e. Kò jẹ́ kí Ìyá Táyà kí i tán.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́. Mi ò gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kó jáde. Ọmọ mi ń sunkún pé òun fẹ́ rí bàbá àgbà, mi ò jẹ́ kó wá, kí wọ́n má baà ní ọmọ náà ló gé e."

Bàbá Awọnlẹ̀ na ọwọ́ gba fóònù. Ó ní, "Mo ti fọwọ́ kàn án." Ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló fọwọ́ kàn. Ó la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde.