Ọ̀rọ̀ Ìdágbére tí Mo Kọ fún Àbẹ̀kẹ́

Èlísábẹ́ẹ̀tì Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Àwórì, ọmọ Olófin, tíṣà tí í fi báírò pupa na ọkọ rẹ̀! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ ìdágbére ìyàwó mi.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Nígbà tí mo di fọ́máànù nílé iṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, ó di dandan kí n máa kọ rípọ́ọ̀tì lédè òyìnbó. Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́ mi. Mo máa ń kọ "On the one hand" kí ó lè dún dáadáa, n ó sì gbàgbé ibi tí mo ń lọ. Á wo ìwé, á wò mí.

"Bàbá Fúnmi, ọwọ́ kejì dà?"

Ó ní ẹni tó bá sọ apá kan gbọ́dọ̀ sọ ìdàkejì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kú, ọmọ wa Fúnmiláyọ̀ ní òun á bá mi kọ tèmi sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo ní rárá o! Ta ló bá a gbé bí kò ṣe èmi? Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́: "On the one hand, my wife could quarrel from morning till night. On the other hand, she never ate without me."

Mo kà á sókè ní pálọ̀. 

Mo gbé e lọ fún Kúdí tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá Toll Gate. "Ẹ̀ẹ́n, Bàbá! Ẹ mà gbọ́ òyìnbó o!" Inú mi dùn díẹ̀.

Àṣé Fúnmi ti gbọ́ ọ nígbà tí mo kà á ní pálọ̀, ó sì ti pe Kúdí lórí fóònù. Ó ní kó yọ ọ̀rọ̀ ìjà kúrò, pé kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wí? Ta ní í ka àléébù òkú síta?

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ṣí ìwé náà. "On the other hand, she never ate without me." Ìyẹn nìkan! Ìdàkejì kí ni? Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n fi han ẹni tí í bá mi tún un ṣe. Àga òfìfo.

Fúnmi rí ojú mi. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ire wọn nìkan ni mo fẹ́ káyé rántí."

Mi ò bínú. Mo fa báírò yọ, mo kọ ìjà wa padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n da yẹ̀pẹ̀ sí sàárè, mo fi ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé èèyàn yín sí méjì torí pé ó kú. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n yọ nínú ọ̀rọ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo ń kà á. Ilé dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, l'Ọ́tà.